Sípíkà Sítúdíò Lórí Tábìlì Ilé: Bí Ẹ Ṣe Lè So Ó Mọ́ Kọ̀ǹpútà Tí Ohùn Olórin Ò Ní Sá Lọ

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni, ní Ṣómólú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sípíkà sítúdíò méjì wọlé, irú èyí tí àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ fi ń gbọ́ iṣẹ́ wọn, tokunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ara wọn mọ́. Mo ti ra wáyà sí i lọ́nà. Mo ki orí kan bọ ẹ̀yìn sípíkà, mo ki orí kejì bọ láptọ́ọ̀pù, mo wá fi orin jùjú kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré sí i. Gìtá ń dún. Àwọn elégbè ń gbè lọ́ọ̀ọ́kán. Olórin gan-an ò sí níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń kọrin nínú balùwẹ̀ ilé kejì, tó jẹ́ ìró tó ń ta padà lára ògiri nìkan lẹ ń gbọ́. Béèsì náà ti bá a lọ. Mo yọ wáyà, mo tún un kì, kò yí padà. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún ẹni tó ta sípíkà fún mi nígbà tí ọmọkùnrin tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tèmi yọ orí wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú fàájì o. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ orin náà fúnra yín ni, tí ẹ fi lé olórin jáde?"

Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé sípíkà ò jẹ̀bi. Láti ìgbà náà, mo ti bá ọ̀rẹ́ àti ará so irú rẹ̀ ní Yábàá, ní Sùúrùlérè, títí dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn Ìdúmọ̀tà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nǹkan méjì náà ni mo máa ń bá nídìí gbogbo ẹjọ́: wáyà tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí iná tí kò mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí méjèèjì, tí màá sì sáré kọjá lórí ìyókù.

Ṣé ti ilé ni wọ́n?

Ẹnìkan á ní iṣẹ́ ni sípíkà sítúdíò wà fún, kí ni ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ orin àti ìròyìn fẹ́ fi ṣe? Ẹ má dá a lóhùn. Yamaha NS-10, èyí tí àwo iwájú rẹ̀ funfun báláú, tí ẹ máa ń rí nínú àwòrán sítúdíò káàkiri ayé, sípíkà ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ní 1978. Àwọn oníṣẹ́ sítúdíò ló gbà á lọ́wọ́ onílé.

Àmọ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Sípíkà ilé sábà máa ń bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ kó tó gbé e fún yín: béèsì á pọ̀ sí i, etí á dùn. Ti sítúdíò, bí wọ́n bá ṣe sè é náà ló ṣe máa gbé e wá. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa, ẹ máa gbọ́ ìgbà tí olórin mí. Èyí tí ẹnìkan rán sí yín lórí WhatsApp, tó ti gba ọwọ́ ogún èèyàn kọjá, ẹ máa gbọ́ gbogbo ọgbẹ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, etí tí ẹ̀rọ òde ìnáwó ti tọ́ dàgbà á ní kò dún tó. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó jókòó sí bíi mítà kan sí i ni wọ́n ṣe é fún. Bí òwàmbẹ̀ bá dé, ẹ lọ háyà ẹ̀rọ.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà lónìí ní ampilifáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, nínú ikùn, okùn iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni sípíkà kọ̀ọ̀kan ní. Àwọn kéékèèké kan wà, bíi PreSonus Eris E3.5, tó jẹ́ pé ọ̀kan ló ní ampilifáyà, òun ló ń bọ́ èkejì pẹ̀lú wáyà pupa àti dúdú. Bí ẹ ò bá rí ibi tí okùn iná ti ń wọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ máa ní láti lọ wá ampilifáyà lọ́tọ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ti òní.

Kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì bọ ògiri

Nàìjíríà ń lo fóòtì 230. Amẹ́ríkà ń lo 120, Japan ń lo 100. Sípíkà tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan, tó bá wọ Àpápá, tí ẹ sì kì í bọ ògiri bẹ́ẹ̀, á dún gbàù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òórùn á jáde, ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ ka àkọlé tó wà níbi tí okùn iná ti ń wọlé. Bí ẹ bá rí 100-240V, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ bá rí bọ́tìnì kékeré tó ní 115 àti 230, ẹ fi ṣúúrúdíráfà tì í sí 230 kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bó bá jẹ́ 120V nìkan ló wà níbẹ̀, tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 120 ló kàn, ẹ ka owó ìyẹn mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá ń ná ọjà. Méjèèjì ni kí ẹ wò o. Mo ti rí méjì tí wọ́n tà pọ̀ bí ìbejì, tí ọ̀kan jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù, tí èkejì jẹ́ ti Amẹ́ríkà.

Fíúùsì inú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sábà máa ń jẹ́ áńpíà 13. Sípíkà orí tábìlì ò nílò ju 3 lọ.

Wáyà: ibi tí olórin ti ń sọnù

Ẹ yí sípíkà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Oríṣi ihò mẹ́ta ló ṣeé ṣe kí ẹ bá níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo wa ń pè ní AV láti ayé fídíò àti VCD, tí orí wáyà rẹ̀ máa ń jẹ́ pupa àti funfun. RCA ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ti kejì ni ihò jáàkì ńlá, irú èyí tí wọ́n ń ki gìtá bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6.35. Ti kẹta ni XLR, ihò ńlá tó ní ojú pínnì mẹ́ta, bíi ti wáyà máìkì. Kì í ṣe gbogbo sípíkà ló ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yamaha HS5, fún àpẹẹrẹ, ní jáàkì ńlá àti XLR, kò ní AV rárá.

Ní ìdí láptọ́ọ̀pù, ihò ìyapíìsì kan ṣoṣo lẹ máa bá, mìlímítà 3.5. Ihò kan yẹn ló ń gbé ohùn òsì àti ohùn ọ̀tún jáde pọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ mú orí wáyà kan lọ́wọ́, jáàkì ńlá tàbí kékeré, kí ẹ ka òrùka dúdú tó wà lára irin rẹ̀. Òrùka kan: irin náà pín sí méjì, mono nìyẹn, olóhùn kan. Òrùka méjì: ó pín sí mẹ́ta, stereo ni ọlọ́jà máa pè é. Òrùka mẹ́ta: máìkì ti wọ inú rẹ̀, ti ìyapíìsì fóònù ni.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Jáàkì olórùka méjì yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì tí kò jọra, ojú ò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Nínú ìyapíìsì, ṣónṣó orí rẹ̀ ń gbé ohùn òsì, àárín rẹ̀ ń gbé ohùn ọ̀tún, ara ìdí rẹ̀ ni áàtì, ìyẹn irin tí ohùn méjèèjì jọ ń gbà padà. Àmọ́ nínú ihò jáàkì ńlá tó wà lẹ́yìn sípíkà sítúdíò, ṣónṣó ń gbé ohùn kan, àárín ń gbé ohùn kan náà ní ìdojúdé: bí ti ṣónṣó bá ń gòkè, tirẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀. Sípíkà á wá yọ ti àárín kúrò nínú ti ṣónṣó. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀: ariwo tí wáyà bá kó lọ́nà, bákan náà ló máa rí lórí irin méjèèjì, tí wọ́n bá sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ariwo á pa ara rẹ̀ run, ohùn tó dojú dé á sì dúró. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní bálánsì.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ṣómólú. Wáyà tí mo rà, jáàkì kékeré olórùka méjì wà ní ìdí kan, jáàkì ńlá olórùka méjì kan wà ní ìdí kejì. Mo fi ohùn òsì àti ohùn ọ̀tún ránṣẹ́ sínú ihò tó rò pé ohùn kan àti ìdojúdé rẹ̀ ni wọ́n. Sípíkà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an: ó yọ ọ̀tún kúrò nínú òsì. Olórin máa ń wà láàárín gbùngbùn, ìyẹn ni pé iye kan náà ni wọ́n fi sí òsì àti sí ọ̀tún, béèsì náà sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń fa okùn, ibì kan náà ni okùn máa dúró sí. Gìtá tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ kan ló kù, pẹ̀lú ìró tó ń ta padà.

Nítorí náà, wáyà tó yẹ kí ẹ rà nìyí: ìdí kan jẹ́ jáàkì kékeré olórùka méjì, ìdí kejì ya sí méjì, kí ẹsẹ̀ kan lọ sí sípíkà òsì, kí èkejì lọ sí ti ọ̀tún. Bí sípíkà yín bá ní AV, ẹ ní "AUX sí AV" (AUX ni ọlọ́jà ń pe jáàkì kékeré), kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láti Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà títí dé Alábà. Bó bá jẹ́ jáàkì ńlá, ẹ ní "stereo kékeré sí mono ńlá méjì", kí ẹ sì ka òrùka lójú ọlọ́jà: ọ̀kan ọ̀kan ni kó wà lára jáàkì ńlá kọ̀ọ̀kan. Ara irin mono gùn, òun fúnra rẹ̀ á ti so àárín ihò sípíkà pọ̀ mọ́ áàtì, kò ní sí ohun tí sípíkà máa yọ. Bó bá jẹ́ XLR, orí akọ ni kí ẹ béèrè.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé níbi ìsọ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀:

"Ọ̀gá mi, ẹ mú èyí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe."

"Ẹ ṣeun, àbúrò. Òrùka mélòó lẹ rí níbẹ̀?"

"Méjì. Méjì ò dáa ju ẹyọ kan lọ ni?"

Kò dáa jù ú lọ, níbí yìí. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá a padà, ẹ má bá a jà. Òun náà, ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń sọ.

Ẹni tó bá mọ ọwọ́ sọ́dà lè jó tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Fún XLR, ara áàtì lọ sí pínnì 1, ohùn lọ sí pínnì 2, kí ẹ wá fi wáyà kékeré so pínnì 3 mọ́ pínnì 1. Kí wáyà má gùn ju bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, torí wáyà tí kò ní bálánsì, bó bá ṣe ń gùn sí i ló ń kó ariwo mọ́ra sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà oní-páálí ńlá (desktop), ihò aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ni tiyín. Èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí òdòdó, ti máìkì ni. Ihò iwájú náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wáyà tó gbé ohùn dé iwájú ti rìn gba inú gbogbo ariwo ikùn kọ̀ǹpútà kọjá, ẹ sì máa gbọ́ ọ.

Àpótí kékeré tó ń gba USB

Kì í ṣe dandan. Mo lo wáyà lásán fún ohun tó lé lọ́dún kan kí n tó ra tèmi. Àpótí yìí, bíi Focusrite Scarlett 2i2, ń gba orin láti ojú USB, òun fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ di ohùn ní ìta kọ̀ǹpútà, jìnnà sí fáànù àti àwọn ẹ̀yà inú tó ń pariwo. Bọ́tìnì fọ́lúùmù gbàǹgbà wà níwájú rẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó ohun tí mo fi rà á, torí ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ sípíkà sítúdíò máa ń fi tiwọn sí, ọwọ́ ò sì lè ṣe é dọ́gba láéláé.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan: ibí yìí ni òfin òrùka ti yí padà. Ihò méjì tó wà lẹ́yìn Scarlett ní bálánsì, ihò sípíkà náà ní bálánsì, nítorí náà jáàkì olórùka méjì, ní ìdí méjèèjì, ni wáyà tó tọ́. Ẹyọ wáyà kan fún òsì, ẹyọ kan fún ọ̀tún. Ọmọ ọlọ́jà yẹn ì bá gba máàkì.

Ó yá, ẹ so ó

Ẹ pa sípíkà méjèèjì, ẹ yí fọ́lúùmù ẹ̀yìn wọn wálẹ̀ pátápátá. Ẹ rẹ ti kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀. Ẹ ki jáàkì kékeré bọ láptọ́ọ̀pù títí tí á fi dún kọ́. Èyí tó wọ ààbọ̀ lè mú ẹ̀gbẹ́ kan dákẹ́, ó sì lè lé olórin lọ bíi tàná. Ẹ ki ẹsẹ̀ òsì bọ sípíkà òsì, ti ọ̀tún bọ ti ọ̀tún. Pupa ni ọ̀tún lórí wáyà AV. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tan sípíkà. Ẹ gbé orin sí i, ẹ gbé fọ́lúùmù kọ̀ǹpútà sókè dé bíi 80 nínú 100, kí ẹ wá máa yí ti ẹ̀yìn sípíkà díẹ̀díẹ̀, kí méjèèjì wà lójú àmì kan náà, títí tó fi dé ibi tó le jù tí ẹ lè fẹ́ gbọ́ orin dé láyé yín. Ẹ fi í síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti máa dín in kù.

Ìdí tí mo fi tò ó bẹ́ẹ̀ ni pé bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà sí 10, tí ẹ wá ṣí sípíkà gbayawu, ariwo ìdí wáyà ni sípíkà máa gbé ga pọ̀ mọ́ orin. Àti pé lọ́jọ́ tí ọmọdé bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kò ní lè kọjá ibi tí ẹ ti fi òpin sí.

Ní ti etí: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní etí àgbàlagbà lè fara da ìwọ̀n 80 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ní láti gbé ohùn sókè kí ẹni tó jókòó tì yín tó gbọ́ yín, ó ti fẹ́ ga jù.

Hùùù: ariwo tí ẹnikẹ́ni ò pè

Ẹ dá orin dúró kí ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ gbé etí sún mọ́ ẹnu kékeré tó wà lókè sípíkà nìkan lẹ gbọ́ *ṣíìì* díẹ̀, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ń ké *dí-dí-dí, dí-dí-dí*, fóònù tẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ni, ẹ gbé e kúrò. Bó bá ń sín tẹ́ẹ́rẹ́, tí ohùn rẹ̀ ń yí padà bí ẹ ṣe ń fa máòsì, ikùn kọ̀ǹpútà ló ń sọ̀rọ̀.

Èyí tó ń yọ gbogbo wa lẹ́nu ni *hùùù* tó nípọn, tí kì í dúró. Iná ìjọba ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn ìyẹn gan-an lẹ ń gbọ́. Bó ṣe ń wọlé nìyí: ṣájà láptọ́ọ̀pù ní áàtì tirẹ̀ lára ògiri, sípíkà náà ní tirẹ̀. Wáyà orin tún wá so áàtì méjèèjì pọ̀. Wọ́n ti di òrùka, iná kékeré á sì máa yí po nínú rẹ̀, ojú ọ̀nà tí orin ń gbà náà ló ń gbà.

Ẹ yọ ṣájà kúrò lára láptọ́ọ̀pù, kí ó máa lo bátìrì. Ṣé ariwo náà dákẹ́ fín-ín? Òrùka áàtì nìyẹn, ẹ ti mú olè. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe ò ná yín lówó: ẹ ki sípíkà méjèèjì àti ṣájà bọ ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kan náà, sára sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Ó máa ń dín in kù, nígbà mìíràn ó máa ń pa á. Bí ó bá ṣì kù, àpótí USB pẹ̀lú wáyà bálánsì sábà máa ń parí ẹ̀. Ẹni tí kò tíì lówó ìyẹn lè ra àpótí ìdènà kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín wáyà AUX, tó ní tiransifọ́mà kékeré méjì nínú. Agbára òòfà ló ń gbé orin kọjá níbẹ̀, irin ò kan irin, òrùka já. Àwọn tí owó wọn kéré jù máa ń jẹ díẹ̀ nínú béèsì, ṣùgbọ́n ó sàn ju *hùùù* lọ.

Àwọn kan á gbà yín níyànjú pé kí ẹ gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì dànù. Ariwo á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná lọ sílẹ̀ bí wáyà inú bá já, tó fara kan irin ẹ̀yìn sípíkà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni iná máa gbà lọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe é, bó bá wù kó jẹ́ ẹnikẹ́ni ló ní kí ẹ ṣe é.

Ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Èkó, ihò kẹta wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, irin láptọ́ọ̀pù tó ń gba iná lè máa ta yín lọ́wọ́ wírí-wírí, sípíkà á sì máa kùn láìka gbogbo ohun tí mo sọ sókè yìí sí. Iṣẹ́ oníná ni, kó fi tẹ́sítà wò ó, kó ri irin áàtì mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ láńlọ́ọ̀dù ló kù, ìyẹn sì kọjá agbára mi.

Ínfátà náà ní tirẹ̀. Èyí tí ìgbì iná rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó ìgbì, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń gé ní igun ní igun, máa ń mú tiransifọ́mà inú sípíkà kùn bí oyin, ẹ sì lè gbọ́ kíkùn náà láti inú páálí rẹ̀ gan-an láìsí wáyà orin kankan lẹ́yìn. Bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Jẹnẹrétọ̀ náà ò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ *hùùù* kankan.

Ibi tí wọ́n máa jókòó sí

Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá, kò sí ààyè púpọ̀ láti yàn. Ẹ mú okùn, ẹ fi wọn àárín sípíkà méjèèjì, kí ẹ sì fi okùn kan náà wọn láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé orí yín níbi tí ẹ ń jókòó sí. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Kí ẹnu kékeré òkè kọjú sí etí yín, ní gíga etí. Bí tábìlì bá rẹlẹ̀, ẹ fi ìwé tó nípọn tẹ́ ẹ, kí ẹ wá fi fóòmù tí àwọn aṣàga gé sílẹ̀ sórí ìwé náà. Fóòmù yẹn kì í jẹ́ kí tábìlì máa bá sípíkà jó.

Béèsì máa ń wú bí sípíkà bá sún mọ́ ògiri, pàápàá èyí tí ihò èémí rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ fa wọ́n síwájú bí ààyè bá ṣe gbà yín tó. Bí kò bá gbà, ọ̀pọ̀ sípíkà ní bọ́tìnì tó ń bu béèsì kù. Ti HS5, ROOM CONTROL, ń dín in kù ní 2 tàbí 4 dB. Ẹ má sì gbé wọn ti ògiri tí ẹ jọ ní pẹ̀lú aládùúgbò. Màmá kan ló wà lódìkejì tèmi tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé tábìlì lọ sí abẹ́ fèrèsé ni wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn tí mo bá kí wọn.

Ẹ wá fi ìròyìn kan sí i, ohùn èèyàn kan ṣoṣo, kí ẹ di ojú. Ohùn náà gbọ́dọ̀ máa ti àárín jáde, láti ojú òfìfo tí kò sí sípíkà kankan. Bí ó bá tú káàkiri bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn orí yín, ẹ yẹ wáyà ọ̀kan wò, ó ti dojú dé níbì kan, pupa ti bọ́ sí ojú dúdú. Bó bá ti wà láàárín, ẹ fi orin onílù sí i. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, agogo ní ibòmíràn, gángan á sì máa sọ̀rọ̀ tí ẹ lè tú sí ọ̀rọ̀, kì í ṣe ariwo awọ lásán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohun tí onígángan ń wí nínú orin tí mo ti ń gbọ́ láti ogún ọdún, mo rẹ́rìn-ín sókè ní èmi nìkan, èébú ni.

Inú kọ̀ǹpútà

Kò pọ̀. Lórí Windows, ẹ tẹ àmì sípíkà ìsàlẹ̀, kí ẹ yan ibi tí ohùn máa gbà jáde. Bí ẹ bá so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn pẹ̀lú HDMI, òun ló sábà máa ń jí ohùn gbé, tí ẹ ó fi rò pé sípíkà ti kú. Ẹ pa Audio enhancements, ẹ pa Mono audio. Lórí Mac, inú System Settings, ní Sound, ẹ rí i pé Balance wà láàárín. Bí ẹ bá ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 320 kbps (iye dátà tí orin ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan) dùn jù lórí sípíkà yìí, àmọ́ ó ń jẹ dátà bíi MB 144 ní wákàtí kan, nítorí náà ẹ wa èyí tí ẹ fẹ́ràn jù sílẹ̀.

Títàn, pípa, àti ìgbà tí iná bá dé

Bí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ, sípíkà ni kó kẹ́yìn. Bí ẹ bá ń pa á, sípíkà ni kó ṣíwájú. Bí ẹ bá yí i padà, kọ̀ǹpútà tàbí àpótí USB á ta *gbì!* sínú sípíkà nígbà tó bá ń jí tàbí nígbà tó bá ń sùn, ẹnu kékeré òkè ò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, ẹ dìde nínú òkùnkùn náà kí ẹ pa bọ́tìnì ẹ̀yìn sípíkà. Iná tó bá ń padà bọ̀ lè kọ́kọ́ ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè lọ kó tún dé lẹ́ẹ̀mejì kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Sitabiláísà tó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó gbé iná sílẹ̀ dára. Nínú ilé wa, bí àwọn ọmọdé bá ti pariwo "Up NEPA!", mo máa ń ka ení, èjì títí dé igba kí n tó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn sípíkà. Ọmọkùnrin yàrá iwájú ti mọ̀ ọ́n. Òun náà á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa bá mi kà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti pé igba o. Ẹ jẹ́ kí olórin wọlé."